Bí Mo Ṣe Di Agbẹjọ́rò Ṣójà ní Mamobi

Ẹ̀yin ará Ìwó tí ẹ ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé pé ṣé lóòótọ́ ni mo gbèjà àwọn ṣójà Ísírẹ́lì ní gbangba, òótọ́ ni. Mo gbèjà wọn dáadáa. Kí ẹ tó bínú, ẹ jẹ́ kí n ro bó ṣe jẹ́ fún yín, nítorí mo gbọ́ pé ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ fi ń ròyìn mi.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹjọ́ ilẹ̀ ni mo sì rí jù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Accra, Alhaji Ràájí, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ó ń ta mílíìkì, ṣúgà àti tòmátò alágolo ní Tudu, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ní àdúgbò Mamobi. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí. Òun àti Múnírà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ló kù nínú ilé. Ó pè mí lórí fóònù.

"Làmídì, dìde, máa bọ̀. Múnírà ní òun fẹ́ ṣe ìwọ́de nítorí Palẹsitínì, Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Mo ti sọ̀rọ̀ títí, ẹnu mi ti bó. Ìwọ ló máa ń gbọ́ tirẹ̀. Wá bá mi dá a dúró."

Mo ní ṣé ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ lórí fóònù ni. Ó ní ẹni tí a bá fẹ́ dá dúró, ojúkojú là ń dá a dúró. Bí mo ṣe di arìnrìn-àjò ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nìyẹn.

Ẹnubodè

Ẹnubodè mẹ́ta ló wà láàárín Èkó àti Accra. Wọ́n ti sọ fún wa tipẹ́ pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wa ní apá ibí yìí, pé ìwé ìrìnnà kan náà ló tó gbogbo wa. Òótọ́ ni. Ìwé kan náà ni, ọwọ́ tó ń gbà á wò ló pọ̀.

Ọ̀gá àkọ́kọ́ wo fọ́tò mi, ó wo ojú mi, ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé èmi ni. Mo ní títí dé ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé. Ó ní mo ti rù. Mo ní mo ti fẹ̀yìn tì ni. Ní ẹnubodè kejì, wọ́n ní kí n mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wá. Mo mú un jáde, wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá jù. Ní ẹ̀kẹta, obìnrin kan rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní "Akwaaba," èyí tó túmọ̀ sí ẹ káàbọ̀, ó sì ní kí n padà lọ sí ìdí ìlà.

Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí ohun kan tí kò dùn mọ́ mi. Ní gbogbo ìgbà tí ọmọdé tó wọ bàtà dúdú bá na ọwọ́ sí ìwé mi, àyà mi ń já, bẹ́ẹ̀ mi ò ṣẹ̀. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ orúkọ àwọn arúfin sílẹ̀, mo ń gbọ̀n nítorí òǹtẹ̀.

Tudu

Ní Tudu ni ọkọ̀ já wa sí, àárín àwọn ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní trotro, àti àwọn tó ń fi orí ru ọjà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nípa àwọn ará Gáná ni pé pílíìsì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹnì kan fi ẹrù gbá mi ní ìbàdí, ó ní pílíìsì, pẹ̀lẹ́. Ẹlòmíràn ní pílíìsì, ẹ yà lọ́nà. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń jà lórí àyè ìpàtẹ, ọkùnrin náà sì ní, "Pílíìsì, orí rẹ ò pé." Obìnrin náà ní pílíìsì, tirẹ̀ ni kò pé. Mo dúró wò wọ́n títí. Ní Ìwó, bí ọ̀rọ̀ bá dé ibẹ̀ yẹn, aṣọ ti ya.

Bí mo ṣe la ẹnu báyìí, alágbàrù kan ní, "Ah, Alata!" Alata ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀, nígbà mìíràn Anago. Kì í ṣe èébú, kì í sì í ṣe oríkì.

Múnírà dé. Ó kúnlẹ̀ fún mi láàárín ọ̀nà, trotro méjì sì ní láti dúró dè é. Ó fa aṣọ ìborùn aláwọ̀ dúdú àti funfun sí èjìká, ó lẹ àwòrán bàrà olómi tí wọ́n là sí méjì mọ́ ẹ̀yìn fóònù rẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ òwò èso.

"Rárá o, Dádì Ìwó. Pupa, ewé, funfun, dúdú. Àwọ̀ àsíá Palẹsitínì ni. Mepa wo kyɛw, ẹ má bínú pé mo pẹ́."

Gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo bá sọ ló ń gbọ́ yéké. Nígbà tó bá ń dáhùn, á bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, tó bá dé ìdajì á ya sí Twi, á sì parí rẹ̀ pẹ̀lú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mo sọ fún un pé mo mọ ìdí tí òun fi wá mú mi. Ó ní òun náà mọ ìdí tí mo fi wá. Ó gbé báàgì mi lérí, a lọ.

Mamobi

Kẹ́ńkè ni wọ́n fi kí mi káàbọ̀. Ẹ̀kọ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tó kan, tó le, tó sì dá ara rẹ̀ lójú. Wọ́n gbé e sílẹ̀ pẹ̀lú ẹja díndín àti ata dúdú kan tí wọ́n ń pè ní ṣítò. Mo jẹ ẹyọ kan, mo sì sùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ni mo tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pè mí. Múnírà ra wáákyè wá nínú ewé, ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀ tó sì pupa rúsúrúsú, wọ́n fi gàrí, ẹyin àti sùpàgẹ́tì lé e lórí. Ẹni tó ronú rẹ̀ kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo jẹ ẹ́ tán, mo tún ìjókòó mi ṣe, mo sọ ọ̀rọ̀ àgbà.

"Múnírà, àlejò lójú, kò fi ríran. Ìlú onílùú la wà. Ìjà tí kì í ṣe tiwa, ní ìlú tí kì í ṣe tiwa, kí ló kàn wá níbẹ̀?"

Ó fi ara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní, "Dádì, ibí ni wọ́n bí mi sí. Ibí ni wọ́n bí Bàbá gan-an sí. Ìgbà wo ni àlejò wa máa tán?"

Mo ní kó bu omi fún mi.

Ó bu omi wá, ó sì tún kúnlẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan wà tó ń jẹ́ Hanan, ọmọ Palẹsitínì, tí àwọn jọ ń kọ́ nípa oògùn ní yunifásítì. Ó ní, "Ẹ ti ṣe kóòtù rí. Ṣé ẹ máa dá ẹjọ́ ẹni tí ẹ ò gbọ́ tẹnu rẹ̀ ni?"

Ẹ ẹ̀ rí i, ibi tó ń dun èèyàn lọmọ yìí mọ̀ ọ́n fọwọ́ kàn. Mo lọ bá Alhaji. Ó ní kò burú, kí ọmọbìnrin náà wá síwájú ẹgbẹ́ ní Tọ́sìdeè lẹ́yìn ìrun Alásàrí. Ohun tí ẹgbẹ́ bá sọ, òun náà á sọ ọ́. Ó fọkàn tán ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọdún méjì, wọn ò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí àwọ̀ tí wọn yóò kun gbọ̀ngàn wọn; wọn ò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ìwọ́de láé.

Ẹjọ́

Gbọ̀ngàn náà wà lẹ́yìn ilé kéwú kan. Bí èèyàn mẹ́wàá ló wá. Hanan jẹ́ ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ ṣòkòtò funfun, ó sì ti kọ́ ìkúnlẹ̀ lọ́dọ̀ Múnírà. Kò kúnlẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó fi mọ́ ọkùnrin tó ń tún fáànù ṣe. Orí gbogbo ilé wú.

Alhaji la ẹjọ́ sílẹ̀. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹnìkejì rẹ̀ dà?"

Hanan wo ẹ̀yìn. Múnírà ní ẹnìkejì wà ní Ísírẹ́lì.

"Ta ló máa gbẹnu sọ fún un?"

Ìyá Ṣíkírá, olórí àwọn obìnrin ẹgbẹ́, tó ń ta ọṣẹ ní Tudu, wá nawọ́ sí mi. "Akọ̀wé kóòtù ló jókòó yẹn. Kò kúkú níṣẹ́ tó ń ṣe."

Wọ́n gbé àga rọ́bà kan síwájú Hanan, wọ́n fi mí sí i. Ẹ̀yin ará ilé, bí wọ́n ṣe fi mí jẹ ṣójà nìyẹn. Mi ò gbẹnu sọ fún àwọn Júù o, mi ò sì bá ẹ̀sìn kankan jà. Hanan fúnra rẹ̀ sọ lọ́jọ́ náà pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kan máa ń wá bá bàbá òun ká èso, tí wọ́n á dúró síwájú ìbọn àwọn ṣójà tiwọn. Ìjọba ológun tó jókòó lé ilẹ̀ ni mo ṣojú fún. Mo sì pinnu láti ṣe é bó ti yẹ, nítorí iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́.

Hanan sọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Múnírà ń tú u sí Yorùbá. Abúlé wọn kò jìnnà sí ìlú Nablus. Bàbá rẹ̀ ní oko igi ólífì, ṣùgbọ́n wọ́n ti fa ọgbà wáyà sáàárín ilé àti oko. Géètì kan wà lára wáyà náà, ṣójà ló ń ṣí i, ìgbà tó bá wù wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ wọ oko ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Lọ́dún tó kọjá, ìwé àṣẹ bàbá rẹ̀ dé nígbà tí èso ti já sílẹ̀ tán.

Mo gbọ́ ọ tán. Mo ní, "Àwọn tí mò ń ṣojú fún ní nítorí ààbò ni. Àwọn kan ti wá pa èèyàn wọn. Wọ́n ti sin ọmọdé." Mi ò fi ìyẹn ṣe àwàdà, nítorí òótọ́ ni.

Hanan mi orí. "Òótọ́ ni. Àwa náà ń sin tiwa, a ò tíì sin wọ́n tán. Ẹni tí wọ́n pa lọ́mọ, mi ò ní sọ fún un pé kó má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹni àádọ́rin ọdún ni bàbá mi, àkàbà ló gbé dání. Ìbẹ̀rù ẹlòmíràn kì í ṣe ìwé ilẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ìwé tó mẹ́nu kàn yẹn, oúnjẹ mi ni. Mo sún àga síwájú. "Ìwé gan-an dà? Ṣé bàbá rẹ ní ìwé?" Mo béèrè rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí mo máa ń lò ní kóòtù. Mi ò mọ̀ pé Alhaji ti gbé ojú sókè.

Hanan ní, "Ó ní ti ìgbà ìjọba Tọ́kì. Ó ní ti ìgbà Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ti ìgbà Jọ́dánì. Wọ́n ní kó lọ mú òmíràn wá."

Mo ní ìwé tó bá pọ̀ jù náà máa ń fa ìfura. Ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá Ṣíkírá nìkan ni kò rín. Ó ní, "Ẹ fi ìwé sílẹ̀. Àwọn igi yẹn, ta ló gbìn wọ́n?"

Hanan ní bàbá bàbá bàbá òun ló gbin àwọn kan. Àwọn mìíràn, kò sẹ́ni tó wà láyé tó mọ ẹni tó gbìn wọ́n.

"Àwọn ṣójà ńkọ́? Ṣé wọ́n gbin nǹkan kan?"

Hanan rò ó díẹ̀. "Wọ́n gbin wáyà."

Ẹ̀yin náà mọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá wá tọrọ ilẹ̀ dáko ní Ìwó, a ó ní kó gbin àgbàdo, kó gbin ẹ̀gẹ́, kó gbin iṣu. Ọjọ́ tó bá gbin obì tàbí kòkó ni a ó pàdé ní kóòtù, nítorí ẹni tó bá gbin igi ti sọ pé òun kò lọ mọ́ nìyẹn. Onílẹ̀ ló ń gbin igi. Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sí kóòtù, mi ò rí ẹjọ́ kan tó yè bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè yẹn. Mo dìde, mo ní mo fi ẹjọ́ mi sílẹ̀.

Alhaji ní kí n jókòó, kò tíì tán. Ó bi Hanan ohun tó ń fẹ́ gan-an.

Hanan ní òun àti bàbá òun ò gbà fún ara àwọn. Bàbá rẹ̀ ń fẹ́ orílẹ̀-èdè méjì, kí oníkálùkù jókòó sí tirẹ̀. Òun ń fẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ yóò dọ́gba. Wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ jà lórí fóònù. "Ṣùgbọ́n kí àwọn ṣójà kọ́kọ́ lọ ná, kí géètì ṣí. Ìjà èmi àti bàbá mi lè dúró."

Ìyá Ṣíkírá béèrè ẹni tó jẹ́ baálẹ̀ wọn lọ́hùn-ún, kí ẹgbẹ́ lè rán èèyàn mẹ́ta lọ bẹ̀ ẹ́. Hanan fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé wọ́n ti rán èèyàn títí. Ìyá Ṣíkírá ní bóyá wọn ò rán àgbà obìnrin.

Alhaji wá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ bàbá rẹ ni, ọmọ mi. Ẹjọ́ yẹn ti hàn. Ti ìwọ́de nìkan ló kù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ta ló jàre." Ó yí sọ́dọ̀ Múnírà. "Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́dún 1969. Ọlọ́pàá kan wá sí ìdí ìpàtẹ ìyá mi ní Tudu. Ó ní pílíìsì, ìwé ẹ dà? Ìyá mi mú rìsíìtì owó orí jáde, ọdọọdún ló ń san án. Ó ní kì í ṣe èyí. Ìjọba ti ní kí gbogbo àjèjì tí kò bá níwèé kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá mi ò pariwo. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní bí a bá ṣáà ti ṣe jẹ́ẹ́, wọ́n á gbàgbé wa."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Wọn ò gbàgbé wa," ló wí.

Mo rántí ọjọ́ tí òun àti ìyá rẹ̀ dé ilé wa ní Ìwó pẹ̀lú àpótí kan. A jọ sun ẹní kan fún ọdún púpọ̀ kó tó padà lọ, kò sì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi rí. Àwa náà kúkú lé àwọn ará Gáná kúrò nílùú wa lẹ́yìn náà, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ojú tì mí lórí àga yẹn. Mo ti fi gbogbo ẹnu béèrè ìwé níwájú ẹni tí ìwé lé nílùú.

Múnírà ò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Bàbá, nígbà yẹn, ta ló bá yín wí i?"

Alhaji ní kò sẹ́nì kankan. Wọ́n pe ìrun Mọ̀gàríbì, ó dìde, ó wọlé lọ ṣe àlùwàlá. Kò ní kí ọmọ lọ, kò ní kó má lọ.

Sátidé

Mo rò pé Alhaji yóò ti ilẹ̀kùn ní àárọ̀ Sátidé. Múnírà wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú páálí tó kọ ọ̀rọ̀ sí. Alhaji wo páálí náà, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

Ó ní òun ti jẹun.

"Káàdì Gáná rẹ ńkọ́?"

Ó ní káàdì ìdánimọ̀ náà wà nínú àpò òun. Alhaji ní kó mú un jáde kí òun rí i. Ó rí i. Ó yí ojú sí ògiri. Ẹni tó bá mọ bàbá Yorùbá mọ̀ pé kò sí àṣẹ tó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo tẹ̀ lé òun àti Hanan, mo ní olùṣọ́ ni mí. Wọ́n fún mi ní páálí tèmi, mo kọ́kọ́ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí n tó gbà á, àṣà iṣẹ́ ni. Èèyàn pọ̀: akẹ́kọ̀ọ́, àwọn Hausa láti àdúgbò Nima, pásítọ̀ kan tó wọ kọ́là, àwọn obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n. Àwọn ọlọ́pàá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, oòrùn ń pa wọ́n bó ṣe ń pa wá. Ọkùnrin kan já wọ ìlà wa, ó ní pílíìsì, ẹ lọ ka Bíbélì yín, Ọlọ́run ló fún Ísírẹ́lì ní ilẹ̀ yẹn. Múnírà ní pílíìsì, ṣé Ọlọ́run ló ní kí wọ́n ti géètì mọ́ bàbá ọ̀rẹ́ mi? Wọ́n fi pílíìsì bá ara wọn jà títí, ẹnìkan ò yí ẹnìkejì lọ́kàn padà, ọkùnrin náà sì ra omi inú ọ̀rá fún un kó tó lọ.

Ibẹ̀ la wà tí mo rí Alhaji. Ó wọ agbádá funfun, ó ń ré ọ̀nà kọjá, àpòòwé pupa rúsúrúsú kan wà lábẹ́ apá rẹ̀. Kò wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tó sún mọ́ wa jù ló lọ tààrà, ọmọkùnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Ó tú àpòòwé náà, ó ń mú ìwé jáde lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan: ìwé ìbí rẹ̀ ní Accra, ìwé ìgbélùú, ìwé ẹ̀rí iléèwé, rìsíìtì owó orí ìyá rẹ̀ tó ti fẹ́ jẹ tán.

Ọlọ́pàá náà ní, "Papa, pílíìsì, kò sẹ́ni tó bi yín léèrè ìwé."

Alhaji ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Ọjọ́ tí ẹ bá béèrè, ó ti pẹ́."

Ọmọkùnrin náà gba àwọn ìwé náà, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé iṣẹ́ tí wọ́n rán an nìyẹn, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá wọn padà. Alhaji tò wọ́n sínú àpòòwé, ó sì bọ́ sáàárín ìwọ́de. Omi dà lójú mi, mo fi páálí bojú.

Kò kọrin, kò pariwo. Ó rìn láàárín Múnírà àti Hanan títí a fi yí kọ́nà kejì. Nígbà náà ló tó bi Hanan ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́jẹ́ pé ìwé mẹ́ta bàbá rẹ̀ yẹn, ibo ló máa ń kó wọn sí?

Hanan ní, "Abẹ́ ìrọ̀rí ni, sà."

Alhaji ní, "Èmi náà."